Ẹja Ńlá Inú Adágún àti Àwọn Tí Ó Gba Ọkàn Wọn



Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ìwọ̀ pẹja tí kì í ṣe nítorí àtijẹ. Ẹja omi dídùn kan tí wọ́n ń pè ní bass, ẹlẹ́nu gbàgàdà, ni ó gba ọkàn púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí ó bá wọn páùn 5 péré, ẹni tí ó mú un yóò ya àwòrán rẹ̀, yóò sì máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan kò yé lọ láti ẹnu dé ẹnu pé baba ńlá ẹja kan wà nísàlẹ̀ omi tí kò sí ẹni tí ó tí ì mú irú rẹ̀ rí. Ìyá ńlá ẹja ni ó yẹ kí wọ́n máa wí, nítorí abo ni ó máa ń tóbi jù nínú irú ẹja yìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, 1932. George Perry, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, kò lè ṣiṣẹ́ oko ní ọjọ́ náà nítorí òjò ti sọ ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Àkókò ọ̀dá owó ni, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń wojú rẹ̀ fún oúnjẹ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá forí lé adágún Montgomery. Ẹja tí Perry fà jáde wọn páùn 22 àti áúnsì 4, èyí tí ó lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 10. Wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Helena, ó sì kọ̀wé sí ìdíje ìwé ìròyìn Field & Stream, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 75. Ẹja náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sílé. Wọ́n sè é, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ó mú ẹja tí gbogbo ayé padà ń wá kiri kò wá a rárá. Ọbẹ̀ ni ó ń wá.

Láti ìgbà náà ni ìwọ̀n tí Perry fi lélẹ̀ ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ọjọ́ ayé wọn lé. Ìpínlẹ̀ California ni ìlépa náà ti gbóná jù, ó sì ní ìdí. Ní 1959 ni wọ́n kó irú bass ti Florida, tí ó máa ń tóbi ju ti ibòmíràn lọ, wá sí agbègbè San Diego. Inú àwọn ìsédò kan náà ni wọ́n ti ń da ẹja trout sí kí àwọn apẹja lè rí nǹkan mú. Bass kò ṣiṣẹ́, kò sáré. Trout ni ó ń gbé mì, ó sì ń sanra. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àràmàǹdà, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó ṣe ìdajì rẹ̀.

Ní 1991, ọlọ́pàá kan ní Los Angeles, Bob Crupi, mú ẹja tí ó wọn páùn 22 àti díẹ̀ ní adágún Castaic. Áúnsì mélòó kan péré ni ó kù kí ó bá ti Perry dọ́gba. Ẹ wo bí irú èyí yóò ti máa dun ọkàn! Àhesọ sì gbilẹ̀ pé ẹni tí ó bá borí Perry yóò di olówó mílíọ̀nù dọ́là láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọ̀pá àti ìwọ̀. Àwọn kan kò ní ohun mìíràn lọ́kàn mọ́, ìbáà ṣe iṣẹ́, ìbáà ṣe ìdílé. Monte Burke kọ odindi ìwé kan nípa wọn tí ó jáde ní 2005, Sowbelly ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ó mú ìdánwò náà le ni pé ẹja yìí kì í fara pamọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, yóò wá sí etí omi láti yé ẹyin, ojú yóò sì rí i kedere. Apẹja yóò dúró lórí ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀, yóò máa ju ìdẹ síwájú ẹja kan ṣoṣo, ẹja náà yóò sì máa wò ó. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ará ìlú etí òkun nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, àwọn tí ẹja máa ń yọ sí gbangba ní ọjọ́ Sátidé tí a ti ka pípa rẹ̀ léèwọ̀ fún wọn, tí kì í sì í yọ ní ọjọ́ mìíràn, yóò mọ̀ pé ohun tí ojú rí tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ tó ni ó ń dán ènìyàn wò jù.

Ní ìsédò Dixon, ní ìlú Escondido, ẹja kan wà tí àwọn apẹja sọ ní Dottie nítorí àmì dúdú kan tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Jed Dickerson mú un ní 2003, ó wọn páùn 21 àti áúnsì 11, ó sì dá a padà sómi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Mac Weakley àti Mike Winn, kò sinmi mọ́. Ọdún lé ọdún ni wọ́n ń ṣọ́ omi náà.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta, 2006, okùn Weakley ta. Nígbà tí wọ́n gbé ẹja náà sókè, òṣùwọ̀n ọwọ́ tí wọ́n mú dání fi páùn 25 àti áúnsì 1 hàn. Ó fi nǹkan bíi páùn mẹ́ta ju ti Perry lọ. Ohun tí a ti ń wá fún ọdún 74 ni ó wà lọ́wọ́ wọn yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ kò sí lẹ́nu ẹja; ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ti kọ́ ọ.

Òfin California sọ pé ẹja tí ìwọ̀ kò bá kọ́ lẹ́nu, kí a dá a padà. Ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ ara kò jìnnà, ọ̀rẹ́ sì ni àwọn tí ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ẹnu ni ìwọ̀ wà, ta ni yóò bi ẹja léèrè? Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ní ihò tí agbẹjọ́rò lè gbà jáde, nítorí Weakley kò mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Nígbà tí ìròyìn ti tàn káàkiri, Weakley kéde pé òun kò ní béèrè pé kí a kọ orúkọ òun sílẹ̀. Àwọn kan ṣe iyèméjì nípa òṣùwọ̀n ọwọ́ náà, wọ́n sì ní kò sí ẹni tí ó wọn gígùn ẹja. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí iyèméjì wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ fúnra rẹ̀ ibi tí ìwọ̀ wà kò jọ òpùrọ́.

Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti wá bá Perry dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje, 2009, Manabu Kurita mú bass tí ó wọn kìlógíráàmù 10.12 ní adágún Biwa. Ní ibẹ̀, àjèjì ajẹnirun ni wọ́n ka ẹja yìí sí, nítorí ó ń jẹ ẹja ìbílẹ̀ wọn run. Òfin sì ti wà láti 2003 pé ẹni tí ó bá mú un kò gbọdọ̀ dá a padà sómi. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹja, IGFA, fi ẹ̀rọ adánrọ́mọ̀ yẹ Kurita wò, ó sì yege. Síbẹ̀, ẹja rẹ̀ kò fi tó áúnsì kan ju ti Perry lọ, òfin wọn sì ń béèrè áúnsì méjì. Ní oṣù kìíní 2010, wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀.

Ní ti Dottie, kò sí ẹni tí ó tún fi ìwọ̀ gbé e dé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù karùn-ún, 2008, wọ́n rí i tí ó léfòó lójú omi Dixon, ó ti kú. Páùn 19 ni ó wọn. Àmì dúdú abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀.