Àgbà Oníṣègùn ní Ìyànà Òkun



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí dá lórí ẹ̀dá ìtàn kan tí kì í ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Arúgbó ni; ó ti ṣe oníṣègùn inú ọkọ̀ òkun rí; inú ìtàn aláwòrán tí àwọn ará Japan ń pè ní manga ni a sì ti pàdé rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ń wá nínú àwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò lórí fóònù. Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi yẹ̀ wò ni èyí: nínú ìtàn ìrìn-àjò, kí ni iṣẹ́ àgbà tí ó mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí kò bá àwọn arìnrìn-àjò lọ?

Orúkọ ìtàn náà ni One Piece. Eiichiro Oda ni ó ń kọ ọ́, òun náà ni ó sì ń ya àwòrán rẹ̀. Oṣù keje ọdún 1997 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí à ń pè ní Weekly Shonen Jump. Ní 1999 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí tẹlifíṣàn. Nígbà tí ó fi di 2022, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ti ju 500 mílíọ̀nù lọ. Ahunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Luffy kó àwọn ẹlẹgbẹ́ jọ sínú ọkọ̀, ó ń wá ìṣúra tí Gol D. Roger, ọba àwọn ajalèlókun, fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á.

Ẹ má ṣe rò pé olè ni mo wá yìn. Ajalèlókun gidi kì í ṣe ohun eré létí omi tiwa. Ní 2020, nínú 135 òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé lójú òkun káàkiri àgbáyé, 130 ni ó jẹ́ pé agbègbè òkun Guinea tiwa yìí ni wọ́n ti jí wọn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà kì í ti í ṣe ọdẹ tí ń pa ẹtu tà lọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ajalèlókun Oda jẹ́ arìnrìn-àjò tí ń wá ohun tí ó tóbi ju ẹran tàbí wúrà lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà òkun eléwu tí wọ́n ń pè ní Grand Line ni a ti pàdé arúgbó náà. Crocus ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 71. Òun ni ó ń tọ́jú ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níbẹ̀. Àbùùbùtán ńlá kan gbé ọkọ̀ Luffy mì, nígbà tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì la ojú, wọ́n rí ojú ọ̀run tí ẹnì kan fi ọ̀dà kùn sí ara ikùn ẹja náà, wọ́n rí erékùṣù kékeré kan pẹ̀lú ilé lórí rẹ̀, wọ́n sì rí arúgbó kan tí irun orí rẹ̀ dà bí òdòdó. Wọ́n bi í pé ta ni. Ó kọ́kọ́ bá wọn wí pé ẹni tí ń béèrè orúkọ ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ka orúkọ, ọjọ́ orí àti irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀ fún wọn, bí ẹni tí ń kọ ìwé ní ilé ìwòsàn. Òǹkọ̀wé mú wa rẹ́rìn-ín sí àgbà yìí kí ó tó jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún un.

Kí ni ó gbé e dé inú ẹja? Ìwòsàn ni. Laboon ni àbùùbùtán náà ń jẹ́. Ní 50 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ó ṣì kéré, àwọn ajalèlókun olórin kan tí ó fẹ́ràn fi í sí ọwọ́ Crocus, nítorí pé òkun tí wọ́n ń lọ léwu jù fún un. Wọ́n ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn yóò fi yí ayé ká, tí àwọn yóò sì padà wá mú un. Wọn kò padà. Laboon bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá òkè ńlá tí ó dí ojú òkun, ọgbẹ́ sì bo orí rẹ̀. Ara rẹ̀ tóbi débi pé oògùn kò ràn án láti òde, ni Crocus bá la ọ̀nà sí inú rẹ̀, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ibùdó ìtàn yìí. Ìyànà ni ibi tí Crocus ń gbé. Ọ̀nà méje ni ó yà níbẹ̀, kọ́ńpáàsì lásán kò sì wúlò mọ́. Crocus ni ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ní irú kọ́ńpáàsì tí wọn yóò lò. Nígbà tí tiwọn sì bàjẹ́, ó fún wọn ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níhìn-ín mọ ohun tí ìyànà jẹ́. Ẹni tí ó bá ti Agége bọ̀ lè yà sí Ìpájà, ó lè yà sí Ẹgbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, ó sì lè tẹ̀ síwájú sí Abúlé Ẹ̀gbá títí dé Abẹ́òkúta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni àlejò ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú lítíréṣọ̀ tiwa, irú àgbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní kùmọ̀, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Síbẹ̀, ìrìn-àjò náà kò pé títí wọ́n fi jókòó sí ẹsẹ̀ Ìrágbèje nínú ilé oníyàrá méje rẹ̀. Ìrágbèje kò ja ìjà kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn padà sílé. Ọ̀rọ̀ ni ó fi ṣe ìwòsàn fún wọn. Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀, nígbà tí ó di arúgbó, ni ó tọ òǹkọ̀wé wá kí ìtàn náà má bàa bá òun wọ ibojì.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Ìrágbèje ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ̀kọ́ ni, ìtàn ni, ìkìlọ̀ ni. Crocus kò wàásù rárá. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí a ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ kí Oda tó jẹ́ kí a mọ̀, láti ẹnu ẹlòmíràn, pé Crocus ni ó ṣe oníṣègùn inú ọkọ̀ Roger. Roger ní àrùn tí kò gbóògùn. Crocus nìkan ni ó lè dín ìrora rẹ̀ kù. Ó bá a lọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìdí kan pàtàkì tí ó sì fi gbà láti lọ ni pé ó fẹ́ wá àwọn tí ó já Laboon sílẹ̀. Arúgbó tí Luffy bá ní ìyànà ti dé òpin ọ̀nà tí Luffy ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kò sì sọ ọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ohun tí Oda fi kún un ni pé àgbà tí ó rí i kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó rí gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ ọmọdé.

Roger kú, nítorí pé a rí ti àrùn ṣe, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ Laboon ni ó le jù. Crocus gbọ́ láti ibi tí ó gbà gbọ́ pé àwọn olórin náà ti sá kúrò nínú òkun náà. Kò fi pamọ́. Ó sọ fún àbùùbùtán náà pé àwọn tí ó ń retí kò ní padà wá mọ́. Laboon kò gbà. Ṣe ni ó túbọ̀ ń fi orí gbá òkè. Nígbà tí òtítọ́ kò rí nǹkan ṣe, ǹjẹ́ oníṣègùn lọ? Kò lọ. Ó padà sí inú ẹja, ó ń di ọgbẹ́.

Ìtàn náà kò sì fi mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ orí, Luffy pàdé Brook, ọ̀kan nínú àwọn olórin wọ̀nyẹn. Lóòótọ́, ọ̀gá wọn àti àwọn tí àìsàn kọlù ti fi òkun náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù tẹ̀ síwájú, wọ́n sì kú sójú omi. Brook nìkan ni ó ṣẹ́ kù, kò sì gbàgbé ìlérí náà. Nítorí náà, òtítọ́ tí àgbà sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ni. Ẹja tí a pè ní alágídí ni ó di ìdajì kejì mú.

Ta ni ó wá wo Laboon sàn? Luffy ni. Ó bá ẹja náà jà, ó sọ fún un pé ìjà àwọn kò tíì parí, pé òun yóò yí ayé ká, òun yóò sì padà wá bá a jà. Ó wá kun àmì ọkọ̀ rẹ̀ sí iwájú orí Laboon, ó ní kò gbọdọ̀ fi orí gbá òkè mọ́ kí àmì náà má bàa parẹ́. Ohun tí Crocus fi 50 ọdún wò, ọmọdé fi ọ̀dà àti ìlérí tuntun dá a dúró. Àgbà náà kò jowú; ó wo ọkọ̀ àwọn ọmọ náà bí ó ti ń lọ, ó sì rántí Roger.

Èyí kì í ṣe àlá òǹkọ̀wé lásán. Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Odò Ọya. Ibà pa àwọn òyìnbó tí ó lé ní 40 nínú wọn. Nínú ọkọ̀ Albert, nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, James Ormiston McWilliam, oníṣègùn ọkọ̀ náà, ni ó darí rẹ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀ odò, nígbà tí Dókítà Stanger ń ka ìwé láti mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. McWilliam kò rí ibà náà ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó kọ gbogbo ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1843. Ní 1854, William Balfour Baikie, oníṣègùn ọkọ̀ tí kò tíì pé 30 ọdún, gba odò kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Baikie fún àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ní kuníìnì kí ibà tó dé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kú. Bí a ti ń dárúkọ ẹni tí ó borí ibà, ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ ẹni tí ó kọ ìtàn ibà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá ni mo fẹ́ parí sí. Àwọn ọmọ wa ń rékọjá òkun. Ní àdúgbò yìí, mélòó ni ilé tí ọmọ ti sọ pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni òun yóò lò, tí ó sì ti di ogún ọdún? Ìyá ń retí, ẹ̀jẹ̀ ń ru, oorun kò wá. Àwa ará ilé ní ọ̀nà méjì tí a máa ń gbà. Àwọn kan a máa purọ́ fún un pé ọmọ ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Àwọn mìíràn a sọ òjóró ọ̀rọ̀ fún un, wọn a sì bá ọ̀nà tiwọn lọ. Crocus kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó sọ ohun tí ó mọ̀, ó sì dúró ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Bí ọ̀nà mìíràn sì ti ọwọ́ ọmọdé yọ, kò dí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí ìtàn yìí, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni arúgbó inú ẹja. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka Oda, ẹ ka Fágúnwà, kí ẹ lè mọ̀ pé ilé yín náà ní ìyàrá méje. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ fún àgbà ní iṣẹ́ nínú ìtàn yín, kì í ṣe ìmọ̀ràn nìkan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀; bí ó bá ku ọ̀kan nínú méjèèjì, ọgbẹ́ Laboon kò ní jinná.