Táyà Tó Ti Jẹ Tán: Ta Ni Yóò Gbé E?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó ọjà. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ẹyọ kan ni mo mú nínú rẹ̀: táyà tó ti jẹ tán.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Táyà tí fọkanáísà bá yọ lẹ́sẹ̀ mọ́tò, níbo ló ń gbà lọ? Tó bá di òru, ẹnì kan á yí i sẹ́yìn ìsọ̀, ẹlòmíràn á jù ú sí gọ́tà. Táyà kì í jẹrà bí ewé. Rọ́bà ni, wáyà irin sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí lónìí á dàgbà bá a níbẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò wá gbára lé tókúnbọ̀, èyí tí wọ́n ti lò gbó lókè òkun kó tó dé ọwọ́ wa. Kì í pẹ́ kó tó jẹ tán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni táyà yìí ń gbà bá wa jà.

Èkíní ni omi. Tí táyà kan ṣoṣo bá há sí gọ́tà, ọ̀rá àti ewé á gbára jọ sí i lára, omi ò ní rọ́nà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn, ẹ ò ní gbàgbé Ògùnpa, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, tàbí ọ̀gbàrá ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ènìyàn dà sódò kún un. Tí omi bá sì wọ ọjà, ẹ̀rù ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti ti aláṣọ ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Èkejì ni ẹ̀fọn. Bó ti wù kí ẹ gbé táyà kalẹ̀, ní ìdúró tàbí ní ìdùbúlẹ̀, omi òjò á dúró nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn kan wà, dúdú ni, ó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló ń yé sí. Ẹyin rẹ̀ lè wà ní gbígbẹ lára táyà fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa dúró de òjò. Tí omi bá dé, láàárín bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, tanwíjí á ti di ẹ̀fọn. Ọ̀sán ló máa ń jẹni, nídìí igbá, níbi tí nẹ́ẹ̀tì kò sí. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní 1987 ibà náà jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017 ó tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀kẹta ni èéfín. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú sí mi níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Àwọn kan ń fi táyà sun awọ fún pọ̀nmọ́, torí iná rẹ̀ le, kò sì náni lówó bí igi. Mo mọ̀ pé owó pọ̀nmọ́ ti tọ́ ọmọ yanjú. N ò ní kí ẹnikẹ́ni fi òwò rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni èéfín dúdú yẹn. Benzene wà nínú rẹ̀, àti àwọn oró mìíràn tó ń fa jẹjẹrẹ. Ó ń wọnú awọ, omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Ẹni tó ń sun ún ló kọ́kọ́ ń fà á símú, ọmọ tó pọ̀n ló ṣìkejì, ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ṣìkẹta, kò sì sí nínú èrè. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Kí la fẹ́ ṣe? Àkọ́kọ́, kí ìgbìmọ̀ wa bá àwọn fọkanáísà jókòó, kí wọ́n yan ibì kan tó ní òrùlé fún táyà. Táyà tí ẹ fi tẹ tapolíìnì mọ́lẹ̀ lórí ìsọ̀, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì máa da omi inú rẹ̀ nù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin oní-pọ̀nmọ́, omi gbígbóná àti abẹ ló ń ṣe pọ̀nmọ́ funfun, kò sí èéfín táyà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sísun, iná gàásì wà. Ẹgbẹ́ ń yá wa lówó ra ọjà. Kí ló dé tí kò fi lè yá ẹni márùn-ún pọ̀ lówó láti ra iná gàásì kan tí wọ́n á jọ máa lò? Bí a bá ní kí wọ́n dẹ́kun láìràn wọ́n lọ́wọ́, òru ni wọ́n á máa sun ún.

Ní ìparí, táyà ti di ọjà. Ní Ìbàdàn, Ìyáàfin Ifẹ́dọlápọ̀ Runsewe dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Wọ́n ń lọ táyà, wọ́n sì ń fi ṣe òkúta ìtẹ́lẹ̀ àti gegele ojú títì tó ń dín eré mọ́tò kù. Ní 2021, náírà 70 sí 100 ni wọ́n ń san lórí táyà kan. Ẹnì kan ò lè tìtorí ẹyọ kan wọ mọ́tò, owó ọkọ̀ á jẹ èrè. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ọjà bá kó o jọ ńkọ́? Ohun tí a dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fún náà nìyẹn: díẹ̀ tọwọ́ mi, díẹ̀ tọwọ́ rẹ, ó di púpọ̀. Kí akọ̀wé wa béèrè iye tí wọ́n ń rà á báyìí, kó sì jíṣẹ́ fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọjà á tà, ajé á wọgbá, èéfín ò ní pa wá, omi ò ní gbé ọjà wa lọ.