Ọwọ́ tí a Fi sí Ìwé: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọmọ Ìlú Wa

 

Ọmọ ìlú wa kan mú ìwé wá sí ilé mi ní ọjọ́ kan pé kí n bá òun kà á. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti sìn fún ọdún pípẹ́ ni ó dá a dúró. Nígbà tí ó ṣàròyé, wọ́n fi owó díẹ̀ lọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé ìjà ti parí. Mo kà á, mo rí i pé kò tún gbọdọ̀ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn títí láé. Mo ní kí ó má tíì fọwọ́ sí i. Ó dáhùn pé, "Tíṣà, mo ti fọwọ́ sí i láti àárọ̀ àná."

Ǹjẹ́ a lè pe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́? Nígbà mìíràn, a lè ṣe é. Nítorí òfin kì í wo ọwọ́ tí a fi sí ìwé nìkan, ó tún ń wo bí a ṣe fi í síbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1990 sọ pé bí òṣìṣẹ́ tí ó ti pé ẹni 40 ọdún bá ń kúrò níṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó yááfì ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pẹjọ́ ìyànjẹ nítorí ọjọ́ orí, wọn gbọ́dọ̀ fún un ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, láti rò ó, àti ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ sí i. Obìnrin kan ní Louisiana gba ọjọ́ 14 péré, láìsí ọjọ́ ìyípadà kankan. Ó gba $6,258, lẹ́yìn náà ni ó pẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ní nígbà tí kò dá owó padà, ó ti gba ìwé náà wọlé. Ní 1998, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ sọ pé ìwé tí kò bá òfin yìí mu kò lè dí i lọ́nà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kì í bá ṣe Acas, àjọ onílàjà, ni ó parí ìjà, Òfin Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ ti 1996 béèrè pé kí onímọ̀ràn tí kì í ṣe ti agbaniṣíṣẹ́ la ìwé náà yé òṣìṣẹ́, kí orúkọ onímọ̀ràn náà sì wà nínú rẹ̀. Láìsí èyí, ìwé náà kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún un.

Nílé níbí, òfin kò ka ọjọ́ fún wa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí a wọ́gi lé ìwé ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n tan òun, tàbí pé wọ́n fi agbára mú òun. Ní ti àwọn tí kò mọ̀wé, òfin ní kí ẹni tí ó bá wọn kọ ìwé kà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Ohun tí kò pa obìnrin Amẹ́ríkà nì lára lè pa wá lára: ẹni tí ó gba owó ìdádúró níṣẹ́, kò rọrùn fún un níwájú adájọ́ wa láti sọ pé ìdádúró náà kò tọ́.

Nítorí náà, ẹ gba ìwé, ẹ mú un relé, ẹ fi han agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí ẹ tó mú kálàmù. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ má ná owó náà. Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tètè wá agbẹjọ́rò.

Owó ọmọ ìlú wa yẹn ṣì wà nínú àpò ìwé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a jọ lọ rí agbẹjọ́rò. N kò lè sọ pé ó jàre, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti wá ní ọjọ́ kan ṣáájú ni, ẹjọ́ kò bá má sí rárá. Mo bẹ Ẹgbẹ́ wa kí ó yan ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò ọmọ ìlú tí yóò máa bá wa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.