Bí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Dákú Nínú Ilé

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú nígbà tí ọmọ yín ń wo èsì ìdánwò, ẹ má tíì bú ẹni tí ń tà á. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ráútà. Bó bá yá níbẹ̀, tó sì ń falẹ̀ ní yàrá, ògiri ló dí i. Bí kò bá yá níbẹ̀ náà, ẹ pa ráútà, ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó gíga tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá. Àárín òkè la wà, àpáta kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi aládùúgbò léèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan. Ẹni tó ń gbé ráútà kiri ilé lọ́jọ́ náà kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.