Táyà Tí Yóò Gbé Bọ́ọ̀sì Akẹ́rù Jáde Nínú Ẹrẹ̀

Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì kó ẹrù oko ni ọ̀rọ̀ òní bá wí: àwọn tó ń kó kòkó ní agbègbè Ìdànrè, àwọn tó ń kó àgbọn ní Àgbádárìgì, àti gbogbo ẹni tó ń ná ọ̀nà tí ọ̀dà kò dé. Bí òjò bá rọ̀ tí ọkọ̀ rì, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń dá lẹ́bi. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Táyà ni kò rí ilẹ̀ dì mú.

Ìlà ojú táyà ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì jìn. Ẹrẹ̀ amọ̀ á dí i pa, ojú rẹ̀ á dán bí ẹ̀yìn àwo, wíìlì á wá máa yí lójú kan. Èyí tí wọ́n kọ A/T (all-terrain, ti gbogbo ilẹ̀) sí lára ní àlàfo tó fẹ̀, tó ń ju ẹrẹ̀ nù bó ṣe ń yí. M/T (mud-terrain, ti ẹrẹ̀) lágbára jù ú lọ nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, kì í sì í di ọ̀dà tútù mú dáadáa. Awakọ̀ tó ń ti oko bọ̀ wá sí ọjà ìlú, A/T ló bá a mu.

Ẹrù ńkọ́?

Kí awakọ̀ ka ara táyà kó tó sanwó. Nínú 195R15C 106/104, C yẹn fi hàn pé ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. 106 sì túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 950 kílò. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ 91 sí, 615 kílò ló lè gbé. Wíìlì kan náà lè gba méjèèjì, àmọ́ èkejì lè bẹ́ lábẹ́ àpò kòkó.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tó wà lára táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń le, ó sì máa ń sán, bí ìlà ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn.

Wíìlì ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì Toyota Hiace ń yí. Bí owó bá mọ níwọ̀n, kí olówó ọkọ̀ kọ́kọ́ pààrọ̀ méjì ẹ̀yìn pa pọ̀. Ti bọ́ọ̀sì Volkswagen Transporter T4 yàtọ̀: wíìlì iwájú ló ń fa ọkọ̀. Bí iwájú nìkan bá gba táyà tuntun, ẹ̀yìn lè yọ̀ lórí ọ̀dà tútù, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó pààrọ̀.

Iyanrìn etí òkun tún ní òfin tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, kí awakọ̀ dín atẹ́gùn kù díẹ̀, kí ẹsẹ̀ táyà lè fẹ̀, kó sì rọra wà á. Bí ẹrù bá kún un, kó má dín in kù rárá, torí táyà á gbóná. Kó tó gun ọ̀dà padà, kó fẹ́ ẹ dé iye tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀.