Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe Tí Ìjàǹbá Ọkọ̀ Bá Ṣẹlẹ̀ Nínú Òjò

Ètò tòní ò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú, ẹ jẹ́ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti London tàbí Canada, yìnyín ni tiyín, òjò ni tiwa, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tèmi.

Ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò ni. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo wà nínú Micra láti Ọjà'ba, à ń lọ sí Bẹẹrẹ. Ẹ mọ bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ṣe máa ń rí téèyàn bá ti kúrò lókè Mápó tó ń dà sísàlẹ̀. Ọkọ̀ kan tó wà níwájú wa tẹ bíréèkì, kò dúró. Ó yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan. Ọmọ náà balẹ̀ sójú títì gbàgà.

Gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo yọ fóònù mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni o. Fídíò ni mò ń yà. Iṣẹ́ mi ni, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn.

Nígbà tí mo wo fídíò yẹn lálẹ́, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, ẹnikẹ́ni ò pe ibì kankan. Àwọn ọkùnrin méjì gbá ọmọ náà ní apá, wọ́n ń wọ́ ọ bíi ẹni wọ́ àpò gàrí. Dérébà wa àti dérébà kejì ń fa ara wọn láṣọ lórí ta ló jẹ̀bi. Ọkọ̀ mìíràn tún ń bọ̀ láti òkè, díẹ̀ ló kù kó wọ àárín èrò. Ìyá kan tó ń ta òkìrìkà ló sáré wá, ó kó aṣọ bo ọmọ náà, ó na ọ̀rá lé e lórí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní: "Ìwọ tó o di fóònù mú, ṣé o ò lè fi pe èèyàn ni?"

Ọmọ náà kò kú, a dúpẹ́. Mo pa fídíò yẹn rẹ́. Àmọ́ ìbéèrè ìyá yẹn ò kúrò létí mi, òun ló fa ètò tòní.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ta ló jẹ̀bi, ta ló máa tún bọ́ńpà ṣe, adìyẹ nìyẹn. Ikú tó ṣì ń rìn káàkiri lójú títì ni akátá. Àwa a sì máa dojú kọ adìyẹ nígbà tí akátá ṣì wà nínú agbo.

Akátá àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni epo ọkọ̀ àti eruku fi ń kó jọ sójú ọ̀dà. Tí àkọ́rọ̀ bá ta sí i, ojú títì á máa yọ̀ bí ilá. Ọkọ̀ tó yẹ kó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á ṣì máa lọ, pàápàá tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá ṣì lè rìn, tí kò sì sí ẹni tó fara pa lábẹ́ rẹ̀ tàbí níwájú rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tan hazard. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn, ó kéré tán bí 50 ìṣísẹ̀. Tó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, òkè pátápátá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí ẹni tó ń bọ̀ rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀. Tí kò bá sí C-caution, ẹ ṣe bí àwọn dérébà wa ti máa ń ṣe, ẹ já ewé sójú ọ̀nà. Kí gbogbo èrò kúrò lórí ọ̀dà. Ààrin ọkọ̀ méjì kì í ṣe ibi ìdúró.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ pè. 122 ni nọ́ńbà FRSC, àwọn tí a ń pè ní Road Safety. 112 ni ti pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 615 wà. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú ohun tí gbogbo ayé mọ̀: "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó, lọ́nà Bẹẹrẹ." Ẹ sọ iye ẹni tó fara pa, àti bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀. Ẹ má kàn pariwo pé "Ẹ pe Road Safety o!" sí àárín èrò. Oníkálukú á rò pé ẹlòmíì ti pè. Ẹ na ìka sí ẹnì kan: "Bọ̀dá tó wọ búlúù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe 122, kí ẹ sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi."

Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa níbí. Ní 1977 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí aráàlú ń pè ní Maja-Maja. Wọlé Ṣóyínká wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun náà ló kọ́kọ́ jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wọn. Ìpínlẹ̀ wa ló ṣíwájú, ẹ má jẹ́ ká di ẹni tí kò mọ nọ́ńbà wọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó fara pa. Ẹ má wọ́ ọ. Bí egungun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, wíwọ́ yẹn lè sọ ẹni tí ì bá rìn di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Àfi tí iná bá ń jó, tí àgbàrá bá ń wọ́ bọ̀, tàbí tí kò sí bí ọkọ̀ mìíràn ò ṣe ní gbá a níbi tó wà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń mí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ẹ má fún un lómi mu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun tí kò yẹ. Ẹ má sì da omi sí i lórí kó lè "jí", òjò tó ń pa á ti tó.

Òtútù yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò kà sí. Ara ẹni tó ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, tó tún rin gbingbin, máa ń tètè tutù. Ẹ̀jẹ̀ inú ara tó tutù kì í sì dì bó ṣe yẹ, ó á ṣáà máa dà ni. Ìyá olókìrìkà yẹn ò lọ ilé ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Aṣọ gbígbẹ lára, ọ̀rá lókè.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé wọ́n máa ní kí wọ́n lọ mú ìwé ọlọ́pàá tàbí owó wá ná. Òfin ìlera ti ọdún 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Láti Mápó, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù wà nítòsí, UCH náà ò sì jìnnà.

Ó wá ku adìyẹ. Ìgbà yìí ni kámẹ́rà fóònù wúlò. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, ibi tí táyà dúró sí, ojú ọ̀nà, láísẹ́ǹsì dérébà. Ẹ má ya ojú ẹni tó ń jẹ̀rora. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ara yín àti ti ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ṣojú ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin ní gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì third party. Láti oṣù kìíní 2023, ti ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní 5,000 náírà, ó ti di 15,000, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ohun ìní ẹlòmíì tẹ́ ẹ bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń san owó yẹn nítorí ọlọ́pàá nìkan, tí ìjàǹbá bá dé, ìjà la máa ń fi yanjú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má sọ pé "kò ṣe mí ní nǹkan kan." Tí orí bá gbá nǹkan, tí èébì, orí fífọ́ gidi, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara tàbí oorun tí kò bójú mu tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ni, lóru yẹn náà.

Ó tán. Kí n tó lọ, ẹ dá mi dúró díẹ̀. Ẹ tẹ pause, ẹ kọ 122, 112 àti 615 sínú fóònù yín. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ní ìdáhùn fún ìyá yẹn lọ́jọ́ mìíràn tó bá tún bi wá pé ṣé a ò lè fi fóònù pe èèyàn ni. Ẹ rọra wa ọkọ̀ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.