Òkè Gígùn àti Ọtí Mímu: Ìrìn Àjò Ọjọ́ Mẹ́ta Láti Ọ̀jọ́ Dé Ìdànrè

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Nígbà tí akọ̀wé fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, ohun tí ó ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe lè lo ọjọ́ ìsinmi wa. Mo rò ó títí, mo sì pinnu pé n kò ní wàásù. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ, àti ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ṣe nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé òkè ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ wò. Àwa tí a bí sí etí ọ̀sà, orí yanrìn ni a ti tẹsẹ̀ dàgbà. Bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga ní Ìbà, yanrìn àti amọ̀ ni yóò máa kó jáde, kò ní kan àpáta. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ fún wa pé omi ni ó kó ilẹ̀ tiwa jọ díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún, àti pé agbègbè Abẹ́òkúta ni àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí síta. Ìtàn àwọn baba wa gan-an, omi ni ó wà nínú rẹ̀: ẹ rántí àwo tí ó rì ní Ìṣẹ́rí, èyí tí a fi ń pe ara wa ní Àwórì. Mo mọ ọmọ Ọ̀jọ́ tí ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti dé Houston, tí ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè kan rí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù ni.

Méje ni wá. Olùkọ́ ni ẹnì kan. Àwọn méjì ń ṣòwò ní Alábà. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Àbúrò wa kan ti Lọ́ńdọ̀nù wá lo ìsinmi. Alájì kan sì wà pẹ̀lú wa, ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí. Èmi ni ìkeje wọn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí ọjọ́ Ẹtì rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, a kúrò ní Òkòkomáìkò nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Àgbádárìgì kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nígbà tí rélùwéè tí wọ́n ṣètò láti Marina dé ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ni ó dúró sí. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ wa ni a sì fi ń rìn.

Olúmọ ni a kọ́kọ́ gùn. Kò ga púpọ̀: mítà 137 ni ó fi ga ju òkun lọ, ilẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ sì ni ó ni ìpín ńlá nínú gíga náà. Láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2006 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni àwa fi gùn ún. Lábẹ́ àpáta náà ni a ti rí ihò tí àwọn tí ogun lé wá fi ń lọ oúnjẹ, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán títí di òní. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀, Ṣódẹkẹ́ ni ó ṣáájú wọn. Mo dúró lórí rẹ̀, mo ń wo òrùlé páànù aláwọ̀ ilẹ̀ títí lọ dé Odò Ògùn, mo sì rò ó pé àwọn wọ̀nyí fi àpáta ṣe odi, àwa fi omi ṣe tiwa.

Lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ ni a tó béèrè ẹmu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òkè kọ́kọ́, ọtí kẹ́yìn. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn, lábẹ́ àtíbàbà kan tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, a bá adẹ́mu kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, igbà rẹ̀ ṣì wà ní èjìká. Ẹmu òwúrọ̀ ni, ó dùn bí oyin, ìfófòó rẹ̀ funfun. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí a ra ti àná tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní ti àná ti le, bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ní ọ̀nà láti rìn. Òótọ́ ni ó sọ. Ẹmu kì í dúró sójú kan. Láti ìgbà tí ó bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà inú rẹ̀ ti ń sọ adùn di ọtí, bí ó bá sì di ọjọ́ kejì, yóò kan, agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀. Mo ti mu ọtí ní ilé ọtí ńláńlá ní Èkó níbi tí ẹni tí ń tà á kò mọ ohun tí ó wà nínú ìgò ju ẹni tí ń rà á lọ.

Iléṣà ni a sùn. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìlú ọtí ni Iléṣà, nítorí pé níbẹ̀ ni Lawrence Ọmọ́lé ti dá ilé-iṣẹ́ International Breweries sílẹ̀ ní ọdún 1971, tí ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní ọdún 1978, ìyẹn Trophy tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa. Bí a ti jókòó yí tábìlì ká ní alẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ wa pa ìtàn fún wa. Ó ní ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá. Àti pé fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ọkà bálì ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń pọn bíà ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ó di ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó bálì náà wọlé, ni àwọn ilé-iṣẹ́ bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe àgbàdo yẹn náà ni ìyá ìyá mi fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn ìyá wa a rẹ àgbàdo sómi, wọn a jẹ́ kí ó hù, wọn a sá a gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ọgbọ́n kan náà ni ti ẹ̀rọ ńláńlá. Ohun tí ẹ̀rọ fi kún un ni òtútù, ìdérí àti ìgò. Àbúrò wa ti Lọ́ńdọ̀nù wá sọ fún wa pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ilé ọtí wà tí wọ́n ti ń pọn ọtí ní ẹ̀yìn ilé tí wọ́n sì ń tà á ní iwájú, pé àwọn ọ̀rẹ́ a máa rin orí òkè lọ́sàn-án, wọn a sì sọ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó rò pé ohun tuntun ni òun ń sọ. Ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ń pọn ní ẹ̀yìnkùlé tí ó sì ń tà ní ìloro, kí ni ó fi yàtọ̀?

Ní ọjọ́ kejì a gun Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni omi náà fi ń já bọ́. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé a kò kọjá ìpele kẹta: òjò ti mú kí ọ̀nà máa yọ̀, Àǹtí sì ní òun kò wá fi ẹsẹ̀ dídá ṣe ìsinmi. A gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ìdànrè ni ọ̀gá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí oòrùn tó mú, a dúró ní ẹsẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibùsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ní ibùsinmi kìíní, a ń ṣe àwàdà. Ní ìkejì, oníṣòwò Alábà tí ó sanra jù nínú wa ń béèrè bóyá ìlú náà kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Ní ìkẹta, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mọ́. Alájì nìkan, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ni ó ń lọ bí ọmọdé. Nígbà tí a dé òkè, ìlú ni a bá, odidi ìlú tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé-ìwé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1906, àti àwọn ibojì. Títí di ọdún 1933 tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo ń ronú nípa àwọn ìyá tí ń ru ẹrù ọjà gòkè, tí ọmọ sì tún wà lẹ́yìn wọn. Àwa tí a kò ru nǹkan kan ju ìgò omi lọ, ńṣe ni a ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ohun tí ó wọ̀ mí lára jù ni pé àwọn ará Ìdànrè kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pa á tì. Wọ́n ń gòkè lọ ṣe ọdún wọn, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, àlejò sì ń sanwó kí ó tó gòkè. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà níwájú UNESCO lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí a kà mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé àtijọ́ ni a kọ́kọ́ máa ń wó.

Alága, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjókòó yìí ń wò mí bíi pé ọtí ni mo wá polówó. Rárá o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Ìdànrè wà, ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú àwọn kan kọ́kọ́ fọ́. Ọtí líle ìbílẹ̀ tí májèlé mẹtánọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ ni wọ́n mu. Ojú kò lè dá májèlé yìí mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè dá a mọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de títa ògógóró. Nítorí náà, a kò ra ọtí líle kankan lójú ọ̀nà. Ẹmu tí a rí ẹni tí ó dá a, tàbí ìgò tí a ṣí lójú wa, àwọn méjèèjì yìí nìkan ni a mu.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà sì tún wà níbẹ̀. Alájì ni ó wa ọkọ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó ní òun kò ní jẹ́ awakọ̀ àwọn ọ̀mu, pé àìmutí òun kì í ṣe ìjìyà. Ó ní ẹ̀tọ́. A wá ṣe òfin pé ẹni tí yóò wakọ̀ lọ́la kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí láti ìrọ̀lẹ́ òní, a sì ń gbà á láàárín ara wa. Èmi ni ó kàn ní ọjọ́ tí a ń darí bọ̀. Ní Ìdànrè tí ẹmu ti dára jù lọ, tí iyán àti ẹran ìgbẹ́ wà níwájú wa, ẹlẹ́rìndòdò ni mo mu. Gbogbo yín ni ẹ mọ ilé tí òkú ti wọ̀ ní àdúgbò wa nítorí pé ẹni tí ó ti ibi àríyá bọ̀ ní òun lè wakọ̀. N kò ní dárúkọ ilé kankan.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Kí ẹgbẹ́ yìí máa ṣètò irú ìrìn àjò báyìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ wa ti òkè òkun ń wọlé, kí owó tí à ń ná sí gbọ̀ngàn àríyá lè dín kù díẹ̀. Mo ti gbọ́ èsì àwọn kan: gọ́tà wa dí, òpópónà wa bàjẹ́, wọ́n ní kí á wá gun òkè! N kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àpò ẹgbẹ́. Olúkúlùkù ni yóò san tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti rí bí Ìdànrè ṣe ń tọ́jú àtẹ̀gùn rẹ̀, yóò mọ ohun tí yóò béèrè nígbà tí ó bá padà dé orí gọ́tà tirẹ̀.

Ìkejì rẹ̀ ni pé, kí a tó sọ pé a kò ní nǹkan kan, ẹ wo àbàtà etí ọ̀sà wa. Ibẹ̀ ni igi ògùrọ̀ ti ń hù, ẹmu rẹ̀ kò sì kéré sí ti ọ̀pẹ. Ojoojúmọ́ ni à ń da yanrìn sí àbàtà náà láti kọ́ ilé. Bí a bá fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀, tí a ṣe ọ̀nà ẹsẹ̀ sí i, tí adẹ́mu sì ní ibi tí yóò jókòó sí, àwọn ará Ìdànrè náà lè wá wo tiwa.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ bá wa lọ ní ọdún tí ń bọ̀, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó túká. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí oníkálukú mú omi tirẹ̀ dání. Ẹni tí ó bá sì ní ìwé ìwakọ̀, kí ó mú un wá, nítorí pé gbogbo wa ni yóò kàn.